EA Sports WRC: Ọ̀nà Kẹ́ńyà dùn ún sá, àmọ́ Peugeot 504 dà?

Ẹni tó bá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kóun ra EA Sports WRC, géèmù ráàlì mọ́tò, kó rà á, tó bá ti ní ẹ̀rọ tó lè gbé e, tó sì ní sùúrù. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Géèmù yìí ò wà fún àwọn tó fẹ́ máa fi bọ́ńpà ti ọkọ̀ ẹlòmíì kúrò lọ́nà. Nínú ráàlì, ẹ̀yin nìkan lẹ wà lójú títì, ẹ̀yin, atọ́nà tó jókòó tì yín, àti aago. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń díje ti lọ níwájú, tàbí kí wọ́n ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí àpapọ̀ àkókò rẹ̀ bá kéré jù ló gbégbá orókè. Tẹ́ ẹ bá wọgbó, kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Codemasters ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, ọwọ́ wọn sì ti pẹ́ nídìí ráàlì. Àwọn ló gbé Colin McRae Rally jáde fún PlayStation lọ́dún 1998, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ Scotland tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1995 pè. DiRT Rally dé ní 2015, DiRT Rally 2.0 tẹ̀lé e ní 2019. EA, ilé-iṣẹ́ géèmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ra Codemasters ní 2021, nígbà tó sì di November 2023, wọ́n gbé eléyìí síta pẹ̀lú àṣẹ WRC, ìdíje ráàlì àgbáyé, lọ́wọ́. Kò sí ti PS4 o. PS5, Xbox tuntun àti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn nìkan sì ti já ọ̀pọ̀ nínú wa dànù kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni gígùn ọ̀nà. Wọ́n pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù wọn látijọ́ tì, wọ́n lọ mú Unreal Engine, torí pé wọ́n fẹ́ ọ̀nà tó gùn ju èyí tí ti tẹ́lẹ̀ lè gbà lọ. Ó wá ní ibi tí ọ̀nà kan ṣoṣo ti lé ní 30 kìlómítà. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa rò pé ẹ ti di ọ̀gá awakọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé agbedeméjì, ojú á ti máa ta yín, òógùn á ti bo ọwọ́, ọkàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbòmíì. Kọ́nà tí kò le rárá, tẹ́ ẹ ti yí irú ẹ̀ láìmọye ìgbà, òun ló máa wá gbé yín wọ inú kòtò. Mi ò rí géèmù mọ́tò míì tó ń fi àárẹ̀ bá èèyàn jà báyẹn. Gran Turismo 7 ní ọ̀nà eléruku tiẹ̀, ó sì rẹwà lójú, àmọ́ ẹ ó kàn máa yí po lójú kan náà ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní ka ọ̀nà sí yín létí.

Ọ̀rọ̀ kíka ọ̀nà yìí gan-an ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Atọ́nà á máa kà á látinú ìwé tí òun àti awakọ̀ ti kọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀tún àbí òsì, nọ́ńbà á wá tẹ̀lé e. 1 ni kọ́nà tó há, tẹ́ ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó lè yí i. 6 ni èyí tí kò yàtọ̀ sí ọ̀nà gbọọrọ, tẹ́ ẹ lè tẹná lọ láìwẹ̀yìn. Lẹ́yìn nọ́ńbà ni ìkìlọ̀: má gé e, torí òkúta wà nígun, ó ń há sí i, òkè ń bọ̀, ọkọ̀ máa fò. Kọ́nà tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ ló ń kà. Ọwọ́ ń ṣe èyí lọ́wọ́, etí ti ń gba tọ̀hún sílẹ̀. Ẹni tí ò bá tíì mọ́ lára á kọ́kọ́ máa rò pé ọfọ̀ ni wọ́n ń pè sóun létí. Ẹ lè ní kó ka gbogbo ẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ tàbí kó gé e kúrú, ẹ sì lè ní kó máa tètè pè é. Èmi máa ń ní kó tètè pè é, torí tí ọkọ̀ bá ti ń sáré gan-an, ìṣẹ́jú àáyá kan pọ̀.

Ibi tí ohùn yẹn kù sí ni pé ó tutù jù fún mi. Nínú DiRT Rally 2.0, ohùn Phil Mills la ń gbọ́, ẹni tó jókòó ti Petter Solberg nígbà tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 2003. Ohùn ẹni tó ti jókòó níbẹ̀ rí, tí wọ́n ti gbé ju sókè rí, máa ń yàtọ̀. Ti inú WRC yìí mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ ẹ̀rù kì í bà á tó. Tá a bá ń lọ́ mọ́ etí ọ̀gbun ní Monte Carlo lórí yìnyín, ó yẹ kí ẹ̀rù ba àwa méjèèjì.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Kẹ́ńyà. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà lọ tí mo bá ti tan ẹ̀rọ. Ọdún 1953 ni ráàlì Safari bẹ̀rẹ̀, láti fi ṣàjọyọ̀ ìgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth gorí ìtẹ́. Ó wọ inú WRC ní 1973, wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn ti 2002, ó sì padà wọlé ní 2021 lágbègbè Naivasha. Láyé àwọn bàbá wa, títì tí gbogbo ayé ń gbà ni wọ́n fi ń sá a, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, pẹ̀lú màlúù àti ọkọ̀ èrò lójú ọ̀nà. Wọ́n á de irin ńlá mọ́ imú ọkọ̀ nítorí ẹran, wọ́n á fa ọ̀pá afẹ́fẹ́ gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí nígbà tí ọkọ̀ bá ń la omi kọjá, hẹlikópítà á sì máa fò níwájú láti kìlọ̀. Ti òde òní kúrú ju ìyẹn lọ, wọ́n sì ń ti ọ̀nà fún un. Àmọ́ eruku rẹ̀ ò yí padà. Ó ní ibi tó ti kúnná bí èlùbọ́, táyà á kàn rì sínú ẹ̀, ẹ ò sì ní mọ òkúta tó sùn sábẹ́ ẹ̀.

Mo ń bọ̀ nínú Ford Escort àtijọ́, èyí tí táyà ẹ̀yìn ń tì, ní jíà kẹrin, igi ẹlẹ́gùn-ún ń sá kọjá lọ́tùn-ún lósì. Atọ́nà ní: òsì 5, òkè, ọ̀tún 3, ó ń há. Ọkọ̀ gun òkè, iwájú rẹ̀ fúyẹ́, ṣíárìn di òfìfo lọ́wọ́ mi. Bó ṣe balẹ̀ báyìí, mo ti yí imú rẹ̀ sósì díẹ̀, mo fọwọ́ kan bíréékì kí ìdí rẹ̀ lè fúyẹ́, mo wá gbá ṣíárìn sọ́tùn-ún. Tó bá jọ ọ́, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ yíká, eruku pupa á bo ẹ̀yìn, imú á sì ti kọjú síbi tó ń lọ kí kọ́nà gan-an tó dé. Iṣẹ́ tó kù ò ju kéèyàn tẹná. Tí kò bá jọ ọ́, òkúta tó wà lábẹ́ koríko ti fọ́ táyà, ẹ ó sì máa wọ́ ọ lọ pẹ̀lú irin títí dé òpin. Ẹni tó bá gbé ibi tí ọ̀nà yangí pọ̀ sí ò ní nílò kí wọ́n ṣàlàyé àwọ̀ ilẹ̀ yẹn fún un.

Ọkọ̀ 78 ló wà níbẹ̀ nígbà tó jáde. Gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ gbé àwọn Rally1 tuntun, ìyẹn ìsọ̀rí ọkọ̀ tó ga jù nínú WRC, Puma, i20 àti GR Yaris, wọ́n á wá máa sunkún. Ẹ fi Mini Cooper bẹ̀rẹ̀. Kò lágbára, táyà iwájú ló ń fà á, ó sì máa kọ́ yín bí ẹsẹ̀ òsì ṣe ń tẹ bíréékì nígbà tí tọ̀tún ṣì wà lórí iná. Lẹ́yìn ìyẹn, Escort. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti lè wa ìyẹn lọ wa bọ̀ ní Fínlándì láìfi orí ọkọ̀ kanlẹ̀, ẹ lè lọ kí àwọn Group B, ìsọ̀rí ọkọ̀ ráàlì alágbára ti àwọn ọdún 1980. Lancia Delta S4, ọ̀kan nínú wọn, ní súpácháájà, ó tún ní tábò, ẹ̀rọ méjì tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i: kò sí ìgbà tẹ́ ẹ tẹná tí kò ní dáhùn. Nínú ọkọ̀ yẹn ni Henri Toivonen àti atọ́nà rẹ̀, Sergio Cresto, kú sí ní Corsica ní May 1986, lẹ́yìn ọdún yẹn ni wọ́n sì fòfin de gbogbo ìsọ̀rí náà. Mo máa ń rántí wọn tí mo bá ń wà á, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kó máa dùn mọ́ mi tó bó ṣe ń dùn mọ́ mi.

Ọ̀nà ọ̀dà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lórí yẹ̀pẹ̀ àti òjò dídì, mo ń mọ ibi tí táyà ti ń di ilẹ̀ mú àti ibi tó ti ń já a sílẹ̀; lórí ọ̀dà, ọkọ̀ kàn ń léfòó ni. Lórí kọ̀ǹpútà, ariwo tó gba ìgboro nígbà tó jáde ni pé àwòrán ń dúró gìrì láàárín eré kó tó tún máa lọ. Codemasters tún un ṣe lóríṣiríṣi, àmọ́ ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò lágbára, kó dín àwòrán kù láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má ṣe ìgbéraga.

Ní ti irinṣẹ́, páàdì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá máa ra ṣíárìn àlòkù, kó jókòó tì í níbi tí wọ́n ti ń tà á, kó so ó mọ́ ẹ̀rọ, kó yí i dé ìparí lọ́tùn-ún lósì, kó sì tẹ bíréékì rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi, bíréékì rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀, ẹni tó tà á ò sì gbé fóònù mọ́. Ẹ tún fi ọ̀rọ̀ iná sọ́kàn. Géèmù ò lè tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé láàárín ọ̀nà kan; tí iná bá lọ lẹ́yìn ogún kìlómítà, ó lọ pẹ̀lú gbogbo wàhálà yín. Ẹni tí kò bá ní inverter, kó máa sá àwọn ọ̀nà kúkúrú.

Ní 2025, Codemasters kéde pé àwọn ò ní fi nǹkan tuntun kún un mọ́, àti pé àwọn dá iṣẹ́ dúró lórí ráàlì fúngbà díẹ̀. Ó dùn mí. Àṣẹ WRC máa bọ́ sọ́wọ́ Nacon láti 2027, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tó gbé WRC Generations jáde ní 2022. Àwọn ni mo wá ń bẹ̀.

Ẹ fún wa ní Peugeot 504. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa? Kaduna ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀. Ó gbé èrò lọ Èkó, ó gbé ìyàwó lọ ilé ọkọ, ó gbé òkú lọ ìlú abínibí. Ọkọ̀ kan náà ni Ove Andersson fi gba Safari ní 1975, Jean-Pierre Nicolas sì fi oríṣi rẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì V6 gbà á ní 1978. Ẹ gbé Toyota Celica tó gba Safari ní 1984, 1985 àti 1986 tẹ̀ lé e. Ẹ máa tà á tán ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ẹ wá fún wa ní Bandama, ráàlì Côte d'Ivoire, tó wà nínú WRC láti 1978 títí dé 1992. Nicolas àti 504 rẹ̀ náà ló gbà á ní 1978. Yangí ni ọ̀nà rẹ̀, nínú igbó, nínú ooru. Ní 1972, kó tó di ti àgbáyé, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó sá a parí. Ìyà yẹn ni mo fẹ́ nínú géèmù: ọ̀nà tó ń bàjẹ́ sí i bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá, bí DiRT Rally 2.0 ṣe ń ṣe é, rédíétọ̀ tó ń gbóná, ṣọ́ọ̀kì tó ń rẹ̀wẹ̀sì láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹta, kí n sì máa rò ó bóyá kí n rọra tàbí kí n kú sí i.

Tẹ́ ẹ ò bá sì lè ṣe é, ẹ ṣílẹ̀kùn fáwọn tó lè ṣe é. Richard Burns Rally jáde ní 2004, wọ́n ṣì ń gbá a dòní, torí pé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń kọ́ ọ̀nà tuntun àti ọkọ̀ tuntun sínú rẹ̀ fúnra wọn. Assetto Corsa Rally tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà láìtíì parí ní November 2025 náà ń bọ̀ lọ́nà, mo sì ń ṣọ́ ọ.

Ní ti EA Sports WRC, 50 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á. Ẹ má san iye yẹn fún géèmù tí wọn ò fi nǹkan kún mọ́. Ó máa ń já wálẹ̀ gan-an lórí Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀dínwó, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ rà á.