Bọ́ọ̀dù àgbà fún Fanuc Series 0: àtúnṣe, pàṣípààrọ̀, àlòkù tàbí kọ́ńtíróòlù tuntun?

Ẹ tan ẹ̀rọ CNC yín (ẹ̀rọ gígé irin tí kọ̀ǹpútà ń darí) láàárọ̀, ojú rẹ̀ kò tàn, tàbí nọ́ńbà 930 dúró sí i gbagidi. Ọkàn yóò ti sọ fún yín pé bọ́ọ̀dù àgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní master board, ti kú, ọwọ́ yóò sì ti máa wá fóònù láti rí èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Fanuc Series 0, kọ́ńtíróòlù tó ń darí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó jáde ní Japan ní 1985: 0-M lára ẹ̀rọ milling, 0-T lára léètì. Òun ni ọwọ́ mi mọ̀ jù, ó sì ṣì ń bẹ lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀.

Owó tí ènìyàn ná lórí bọ́ọ̀dù tí kò bàjẹ́ ló ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Power unit, tó ń fún bọ́ọ̀dù níná, ló ń ṣàìsàn, bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń sin. Ẹ fi mítà wọn iná tó ń wọ bọ́ọ̀dù: 5 V gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75 àti 5.25, 24 V láàárín 21.6 àti 26.4. Bí 5 V bá ti wálẹ̀ sí 4.6, bọ́ọ̀dù tó yè kooro yóò máa ṣe bí èyí tó ti bàjẹ́. Nọ́ńbà tó hàn náà ń sọ̀rọ̀. 950 túmọ̀ sí pé fíùsì ìlà +24E, iná 24 V tó ń lọ sí àwọn switch ara ẹ̀rọ, ti jó. Ẹ wo wáyà tó bó àti limit switch (èyí tó ń dá ẹ̀rọ dúró ní òpin ìrìn rẹ̀) tí omi wọ̀ kí ẹ tó fẹ̀sùn kan bọ́ọ̀dù. 910 àti 911 jẹ́ ti RAM, 998 jẹ́ ti ROM (méjèèjì jẹ́ ìrántí kọ́ńtíróòlù), nítorí náà memory card ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. 930 ni ti CPU, ọpọlọ kọ́ńtíróòlù, fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan master board gan-an. Àwa tí à ń lò ó ní Nàìjíríà tún ní ẹrù tiwa: 200 V ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Japan fún, 415 V sì ni iná three-phase wa. Bí transformer tó wà láàárín wọn kò bá dára, bọ́ọ̀dù tuntun yóò tẹ̀lé ti àtijọ́ lọ.

Ẹ tún mọ ohun tí ẹ ń rà. Orí master board ni àwọn káàdì tó kù ń jókòó sí: memory card, axis card tó ń darí ìrìn ẹ̀rọ, I/O card tó ń gba àmì wọlé tó sì ń fi jáde. Ladder ẹ̀rọ yín, èyí tó ń sọ bí tool changer yóò ṣe yí àti ìgbà tí coolant yóò tú, inú ROM lórí memory card ló wà, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ló sì kọ ọ́, kì í ṣe Fanuc. Nítorí náà, master board nìkan ni kí ẹ rà, kí ẹ sì kó káàdì tiyín sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò fún yín ní odindi pẹ̀lú káàdì, kí ẹ kó tiyín padà fún òun, ẹ̀mí ẹ̀rọ yín ló ń gbà lọ́wọ́ yín.

Ó yá, àtúnṣe àti pàṣípààrọ̀. Bí ẹ bá fi bọ́ọ̀dù yín ránṣẹ́ fún àtúnṣe, òun gan-an ló ń padà bọ̀, kò sí pé nọ́ńbà rẹ̀ kò bára mu. Ohun tó ń ná yín ni àkókò, nítorí ẹ̀rọ yóò dúró títí yóò fi dé. Nínú pàṣípààrọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi èyí tí wọ́n ti dánwò ránṣẹ́, ẹ̀yin á dá òkú padà. Bí ẹ kò bá dá a padà, wọ́n á gba owó rẹ̀ lé e. Ẹni tó wà ní Birmingham tàbí Houston, pàṣípààrọ̀ dùn fún un. Ẹni tó wà ní Ìkẹjà, kí ó ṣírò owó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù kí ó tó yọ̀. Tèmi ni pé bí iṣẹ́ bá lè dúró, àtúnṣe ni. Bí oníbàárà bá ti ń pè lójoojúmọ́, pàṣípààrọ̀ ni.

Àlòkù ló pọ́ọ́kú jù. Mo ra ọ̀kan rí tí wọ́n kọ sí lára pé wọ́n yọ ọ́ lára ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n dì í sí, pin mẹ́rin sì ti tẹ̀ níbi tí axis card ń wọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò sanwó láìrí fọ́tò bọ́ọ̀dù náà nínú kọ́ńtíróòlù tí ojú rẹ̀ tàn, àti nọ́ńbà rẹ̀ pátá, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A16B tàbí A20B, títí dé àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà dídà. Bí kò bá sí ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà, ohun èlò ìtúpalẹ̀ ni kí ẹ kà á sí. Fanuc fúnra rẹ̀ ní òun yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ òun níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà bá ṣì ń lò ó. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi LinuxCNC (ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà lásán di kọ́ńtíróòlù) pẹ̀lú káàdì Mesa tó ń so ó mọ́ ẹ̀rọ sí i. Lára Series 6 àtijọ́, fólítì lásán ni kọ́ńtíróòlù fi ń darí servo (mọ́tò tó ń mú ẹ̀rọ rìn àti amplifier tó ń fún un níná), ó rọrùn láti pààrọ̀. Series 0 yàtọ̀: axis card ló ń fi PWM, àmì tó ń tàn tó ń kú kíákíá, darí amplifier tààrà. Bí ẹ bá yọ kọ́ńtíróòlù, ó ṣeé ṣe kí amplifier náà di pípààrọ̀, nígbà mìíràn mọ́tò pàápàá, ẹ ó sì kọ ladder láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn bí amplifier bá ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan tí irin ẹ̀rọ náà ṣì le. Nítorí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, rárá.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, bí ẹ̀rọ bá ṣì ń tàn nígbà mìíràn, ẹ fa pàrámítà yín, àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe ṣiṣẹ́, jáde lónìí. Ihò RS-232, ibi tí ẹ ti ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ló ń gbà. Bí ẹ ó ṣe ṣètò kọ̀ǹpútà náà nìyí: 4800 baud, 7 bit, even, stop 2. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn pàrámítà 900, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo option, ìyẹn àfikún iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún, wà. Ẹ wo àpò ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ náà, ìwé pàrámítà ìbẹ̀rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀. Bátìrì D mẹ́ta inú àpótí rẹ̀, ẹ pààrọ̀ wọn nígbà tí iná wà lára ẹ̀rọ. Nígbà tí bọ́ọ̀dù bá dé, tí ẹ fi PWE (ìyọ̀ǹda láti kọ pàrámítà) sí 1 láti kó pàrámítà padà, alarm 100 yóò hàn. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ dá PWE padà sí 0, kí ẹ wá fi ẹ̀sọ̀ rán ọ̀pá (axis) kọ̀ọ̀kan lọ sílé, ìyẹn ibi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lórí bọ́tìnì ìdádúró.