Ìrìn-àjò ọjọ́ kan láti Òṣogbo sí ìlú oníwúrà: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bá àwọn tó ń kó èèyàn láti Òṣogbo lọ wo Itagunmodi, ìlú tí wọ́n ti ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lọ, ẹ tètè gbọ́ o: ẹ ò ní fojú kan wúrà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ gbàràgàdà lẹ máa rí, àti oko kòkó, àti ìlú kékeré kan tí òrùlé rẹ̀ ti pọ́n.

Ọláìyá la ti gbéra, a sì gba Iléṣà. Mọ́tò dáa, awakọ̀ ò sáré asápajúdé. Afinimọ̀nà tí wọ́n fún wa ni kò mọ nǹkan kan. Orí fóònù ló ti ń kàwé fún wa. Ìgbà tí wọ́n fà wá lé bàbá àgbẹ̀ kan lọ́wọ́ ni mo tó mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò.

Bàbá ní omi ló wọ́ wúrà tiwọn wá láti ayébáyé, abẹ́ àkùrọ̀ ló sì fi pamọ́ sí, láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn awakùsà á gbẹ́lẹ̀ títí wọn á fi kàn án, wọn á wá máa fi omi ṣàn án lórí pákó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Wúrà fi nǹkan bí ìlọ́po 19 wúwo ju omi lọ, torí náà iyanrìn á bá omi lọ, òun á jókòó. (Ti Sẹ̀gilọlá, ibi tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà, kò rí bẹ́ẹ̀: àpáta ni wọ́n ń fọ́, 2021 ni wọ́n sì kọ́kọ́ yọ́ wúrà níbẹ̀.)

Kòkó ni iṣẹ́ àwọn baba wọn. Àwọn Hausa tó wá wa wúrà láti òkè ọya ti pọ̀ nílùú báyìí, wọ́n sì ń fi Yorùbá dúnàádúrà lọ́jà bí ọmọ onílẹ̀. Bàbá ò bínú sí wọn. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń bínú sí: “Ẹni tó ta oko kòkó fún wọn, owó yẹn ti tán. Kòtò ṣì wà ńbẹ̀.” A rí àwọn kòtò náà, omi ti kún wọn, ẹnikẹ́ni ò dí wọn.

Ọmọ Òṣogbo ò lè wo omi pípọ́n yẹn kó má rántí odò Ọ̀ṣun, tí ìwakùsà lókè odò ti sọ di ẹrẹ̀, tí ìjọba fi ní kí àwọn tó wá ṣọdún ní 2022 má mu ún. Afinimọ̀nà wa ò mẹ́nu kàn án rárá.

Mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ wọ bàtà tó ga, ẹ gbé oúnjẹ dání. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá ọmọ ìlú náà ló máa mú yín kiri. Bí wọ́n bá ń ṣe kábakàba, ẹ wọ mọ́tò Iléṣà fúnra yín.