Ẹ ṣọ́ra fún grow light "wáàtì 1000" tí wọ́n ń tà kiri: wọ́n ti lù mí ní jìbìtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin nǹkan sínú yàrá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé grow light (iná tí wọ́n ń tàn sórí ewé níbi tí oòrùn ò dé) tí òun ń tà jẹ́ wáàtì 1000, ẹ ní kó tàn án, kó sì jẹ́ kí ẹ wọn iná tó ń jẹ lójú ara ẹ̀. Tí kò bá gbà, ẹ máa bá tiyín lọ. Èmi ò wọn tèmi. ₦85,000 ni mo san, mo sì tún kí i pé ó ṣeun!

Ṣómólú ni mò ń gbé. Fèrèsé méjèèjì tí mo ní, ògiri ilé kejì ni wọ́n kọjú sí, oòrùn kì í débẹ̀. Bàbá onílé ti da kọnkéré sí gbogbo iwájú ilé. Ata rodo ni mo fẹ́ gbìn, àti ẹ̀fìnrìn díẹ̀, torí gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ àwọn aláta. Àyè kékeré kan wà láàárín wọ́dúróòbù àti ògiri, ibẹ̀ ni mo tọ́jú fún un.

Orí WhatsApp ni mo ti rí ọkùnrin yìí. Fídíò ẹ̀ ló fà mí: iná aláwọ̀ àlùkò tó tàn bo gbogbo yàrá. (Fídíò ò sọ nǹkan kan o. Kámẹ́rà fóònù á máa sọ iná kékeré di ńlá.) Nígbà tí mo pè é, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì mi, ṣé igbó lẹ fẹ́ gbìn ni?" Mo ní ata rodo ni o. Ó ní kò sí ìyàtọ̀, pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Kánádà tó ń gbin igbó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ni òun ti kọ́ ohun tí òun mọ̀. Lóòótọ́, láti 2018 ni òfin Kánádà ti fàyè gbà á. Níbí, NDLEA ló máa kan ilẹ̀kùn èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé ó mọṣẹ́. Ó ní iná náà lágbára débi pé mo gbọ́dọ̀ fi í kọ́ sókè, kó jìnnà sí ewé tó mítà kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó wọn.

Ẹ gbọ́ o, mítà kan! Irọ́ yẹn ló fi bo irọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn wáàtì 1000, mọ́lẹ̀.

Ata hù, inú mi dùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ga lágaajù, igi wọn tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ewé méjì péré lórí, gbogbo wọn ń nà sókè, wọ́n ń wá ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Mo pè é. Ó ní ibi tí mo gbé iná sí ni kò dáa, kí n sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní kí n yí i síhà ọ̀tún. Mo yí i. Ó ní ògiri mi ni kò funfun tó, ìmọ́lẹ̀ ń ṣòfò. Mo lọ ra ọ̀dà funfun, mo fi owó ara mi kun ògiri ilé onílé! Ògiri funfun dáa lóòótọ́, á máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sára ewé, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ wo ló wà ńlẹ̀ tí yóò dá padà?

Ẹ̀sín tó bá a rìn ńkọ́? Lálẹ́, àwọ̀ àlùkò yẹn á máa yọ lójú fèrèsé mi. Wọ́n ti ń sọ ọ́ nínú kọ́ńpáùnù pé mo ń ṣe nǹkan kan lóru. Bàbá onílé fúnra wọn wá kanlẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ìyá Báyọ̀, kí ló ń tàn báyìí nínú ilé mi?" Mo mú wọn wọlé, mo fi ata tó ti sùn sílẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n wo ata, wọ́n wo èmi, wọn ò sọ nǹkan kan. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Jẹnẹrétọ̀ ló wá tú àṣírí ẹ̀. NEPA mú iná lọ, a tan "I better pass my neighbour" wa, mo ki iná yẹn bọ̀ ọ́ pẹ̀lú fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ohùn jẹnẹrétọ̀ ò yí padà rárá. Àbúrò mi ọkùnrin tó wá kí mi ló dédé ní, "Àǹtí mi, jẹnẹrétọ̀ yìí ò lè gbé wáàtì 1000 láéláé." Òótọ́ ló sọ. Kò jọ pé ó lè gbé ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ. Bí mo bá ki áyọ́ọ̀nù mi tó jẹ́ wáàtì 1000 bọ̀ ọ́, á wúkọ́, á kú ni.

A gbé grow light náà lọ bá rẹwáyà kan ní àdúgbò. Ó bó awọ wáyà ẹ̀, ó fi ẹ̀rọ tó ń gbá wáyà mú gbá ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, ó jẹ́ kí n kà á: 0.2 áńpì. Ó fi fóltì 230 ti iná ilé sọ ọ́ di púpọ̀. Wáàtì 46! Ó tú ìdí ẹ̀. Bọ́ọ̀bù wẹ́wẹ́ kún inú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpótí kékeré méjì péré ló ń fún gbogbo wọn níná, wáàtì 24 ni wọ́n sì kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀! Inú ẹ̀ ni òótọ́ wà, ìta ẹ̀ ni wọ́n lẹ 1000 mọ́.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni yìí. Ṣé ẹ mọ èsì tó fún mi? Ó ní, "Mọ́mì mi, 1000 yẹn kì í ṣe iná tó ń jẹ, agbára ẹ̀ ni." Agbára wo? Agbára tí kò lè gbé ata ró? Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní mo ti tú u, ọjà tí wọ́n bá ti tú kò ṣeé dá padà mọ́. Lẹ́yìn náà, ó blọ́ọ̀kì mi. Olè ni.

Ẹ má wá sọ fún mi pé ojúkòkòrò ló kó bá mi. Ojúkòkòrò wo ló wà nínú ata rodo? Ohun tó dùn mí jù ni pé mítà NEPA ti ń sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Wáàtì 1000 á jẹ yúníìtì kan láàárín wákàtí kan. Tèmi á tàn látàárọ̀ dalẹ́, kò ní jẹ yúníìtì kan tán, èmi sì ń fi ṣe fáàrí fún Ìyá Ṣadé pé iná mi kì í jẹ owó! Ta ni í fura sí ohun tí kò jẹ owó, pàápàá láti ìgbà tí iná Band A, ti àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, ti gbówó lórí ní 2024? Ẹ̀yin náà ì bá yọ̀.

Ó dáa, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí, mi ò ní lè pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ béèrè wáàtì tó ń jẹ gan-an, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n, kódà kó jẹ́ mítà ilé yín lẹ máa fi wò ó. Tó bá jẹ́ kékeré bíi tèmi ló ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sún mọ́ orí ewé, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25. Èyí tó bá jẹ́ wáàtì 100 gidi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 45 sí 60. Bí iná kékeré bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín sí ibi tí ewé wà; bó bá gbóná mọ́ yín, ó gbóná mọ́ ewé. Wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ tó fún ọmọ ata. Ẹ má jẹ́ kí omi kán sí wáyà.

Rísíìtì báńkì mi àti gbogbo ọ̀rọ̀ tá a bára wa sọ wà lọ́wọ́ mi, mò ń kó wọn lọ bá LASCOPA, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Èkó. FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ náà wà fún irú ẹ̀. Ní tèmi, mi ò gba oníṣòwò iná kankan gbọ́ mọ́: oníbátìrì, onísólà, gbogbo wọn. Nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìta ni wọ́n ń tà fún wa.

Bí ẹ bá mọ ẹnì kan ní Mainland tó ń ta ojúlówó, tó máa jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n kí n tó sanwó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń tà á, ẹ má wulẹ̀ kọ nǹkan kan.