Kátálístì tuntun lábẹ́ Corolla àtijọ́: àgbéyẹ̀wò láti Ìlọrin

Ohun tí mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ níhìn-ín ni kátálístì tuntun kan (ohun tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀) tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ Toyota fúnra wọn, irú èyí tí wẹ́dà lè jó mọ́ abẹ́ oríṣiríṣi ọkọ̀, pẹ̀lú sàlẹ́ńsà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí mo fi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Corolla ọdún 2004 ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oní-lítà 1.8 ló wà nínú rẹ̀. Ìlọrin ni mò ń gbé, iṣẹ́ sì máa ń gbé mi lọ sí Òmù-Àrán déédéé, nítorí náà kì í ṣe ọkọ̀ tí mo gbé kalẹ̀ fún fáàrí. Mo fẹ́ kí ó mí dáadáa, kí ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó di ọkọ̀ tí wọn yóò máa dá dúró lójú pópó nítorí èéfín àti ariwo. Mo ra kátálístì náà ní ₦95,000, mo ra sàlẹ́ńsà ní ₦38,000, wẹ́dà sì gba ₦25,000. Ọjà náà dára fún iye tí wọ́n ń tà á, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó bá yín dè é àti ìlera ẹ́ńjìnnì tó wà lókè rẹ̀ ni yóò sọ bóyá owó yín yóò pé yín.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìlú yìí rò pé èéfín kì í ṣe ọ̀ràn ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù àti èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ló sì wà nídìí rẹ̀. Èéfín àpọ̀jù wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí Road Safety lè tìtorí rẹ̀ bu owó ìtanràn lé awakọ̀, àwọn VIO náà sì ní láti yẹ ọkọ̀ wò kí ìwé roadworthiness tó jáde. Ní Èkó, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn èéfín ní àwọn ibùdó àyẹ̀wò LACVIS. Ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe ń ta ọkọ̀ láàárín Ìlọrin àti Èkó yóò mọ̀ pé ọkọ̀ tí a gé nǹkan kúrò lábẹ́ rẹ̀ níhìn-ín lónìí lè bá ara rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ yẹn lọ́la.

Kátálístì ni àpò irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, ẹ ó rí amọ̀ líle tí ihò wẹ́wẹ́ kún bí afárá oyin, platinum, palladium àti rhodium ni wọ́n sì fi bo ara àwọn ihò náà. Nígbà tó bá ti gbóná tó nǹkan bí 300 sí 400 lórí ìwọ̀n Celsius, yóò sọ carbon monoxide di carbon dioxide, yóò jó epo tí kò jóná tán nínú ẹ́ńjìnnì, yóò sì sọ àwọn nitrogen oxide di nitrogen lásán tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Carbon monoxide yìí kan náà ni gáàsì aláìlóòórùn tó máa ń pa àwọn tó sun yàrá kan náà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Àwọn irin mẹ́ta tí mo dárúkọ yẹn ló sọ kátálístì di ọjà olówó ńlá. Ẹ ti rí àwọn tó ń rìn kiri ọgbà mẹkáníìkì tí wọ́n ń béèrè bóyá kátálístì wà. Bí ọkọ̀ tòkunbọ̀ bá ti dé, wọn á sọ fún ẹni tó ni ín pé kátálístì rẹ̀ ti dí, pé òun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ sáré, wọn á gé e, wọn á fi páìpù òfìfo dí àyè rẹ̀, èyí tí wọ́n gé á sì gba ẹ̀yìn jáde lọ sọ́jà. Tèmi tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: àpò irin rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí mo ra ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni kan ti ro inú rẹ̀ dànù pátápátá. Ìdí nìyẹn tí iná check engine fi ń tàn, tí kóòdù P0420, èyí tó ń sọ pé kátálístì kò ṣiṣẹ́ tó, sì ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pa á rẹ́.

Kí n tó ra ohunkóhun, mo kọ́kọ́ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fo ìpele yìí. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ní àléébù tí gbogbo mẹkáníìkì Toyota mọ̀: ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára pístìnnì kéré jù, ó máa ń dí, ríìǹgì á gan, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ń jó yìí ní phosphorus nínú, phosphorus náà á lẹ̀ mọ́ ara afárá inú kátálístì, kò sì ní jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́. Bákan náà ni plọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa ṣe máa ń rán epo tútù lọ sínú kátálístì, epo náà á jó níbẹ̀, á sì yọ́ amọ̀ náà. Nítorí náà, ẹni tí èéfín búlúù bá ń jáde nídìí ọkọ̀ rẹ̀ tó wá lọ ra kátálístì tuntun, owó ló ń dáná sun. Èmi pààrọ̀ ríìǹgì àti síìlì fáàfù, mo sì dúró títí mo fi rí i pé ọ́ìlì kò dín kù mọ́ lórí ọ̀pá tí a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ní òpópónà Táíwò, níhìn-ín ní Ìlọrin, ni mo ti ra kátálístì náà. Oríṣi méjì ni ọlọ́jà gbé wá: ọ̀kan ní 200 ihò nínú íǹsì kan níbùú-lóròó, èkejì ní 400. Èyí tó jẹ́ 200 ni àwọn tó fẹ́ràn eré sísá máa ń béèrè, nítorí pé èéfín ń tètè kọjá nínú rẹ̀. Èmi mú 400. Bí ihò bá ṣe pọ̀ tó ni ojú ibi tí gáàsì ti ń fara kan irin ṣe pọ̀ tó, oní-200 sì máa ń mú kí bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ọkọ̀ bí èyí fura pé kátálístì kò ṣiṣẹ́ tó. Lára páálí rẹ̀ ni wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́, tó sọ pé ó bá òfin EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mu, ṣùgbọ́n pé wọn kò gbọ́dọ̀ tà á ní California. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á sókè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ló wà níbẹ̀: California ní òfin tirẹ̀, kátálístì tí wọ́n bá fọwọ́ sí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àṣẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara irin rẹ̀, ó sì sábà máa ń ní irin iyebíye nínú ju èyí tí mo rà lọ. Lábẹ́ ìlànà EPA, ẹni tó ṣe irú ọjà yìí gbọ́dọ̀ dúró fún un pé yóò ṣiṣẹ́ dé 25,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni yóò bá yín gbé ọ̀rọ̀ wáránǹtì yẹn ní Táíwò.

Ibi iṣẹ́ wẹ́dà ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ọmọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tó fún mi ni pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi páìpù lásán sí i, n ó wá fa sénsọ̀ ẹ̀yìn yẹn jáde díẹ̀, iná ò ní tàn mọ́." Sénsọ̀ méjì ló ń yẹ èéfín wò, ọ̀kan níwájú kátálístì, èkejì lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni irin gígùn kékeré tí wọ́n máa ń fi sí àárín páìpù àti sénsọ̀ ẹ̀yìn, kí sénsọ̀ má baà rí èéfín náà dáadáa. Mo dá a lóhùn pé, "Àlùfáà, ọkọ̀ la lè tàn, a ò lè tan imú ènìyàn." Ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín nídìí sàlẹ́ńsà kò tilẹ̀ bá sénsọ̀ sọ̀rọ̀ rárá, ohun tó bá jáde ló ń kà.

Nígbà tó gbà láti ṣe é bí mo ṣe fẹ́, ohun méjì ni mo dúró tì í fún. Èkíní ni ọfà tí wọ́n fín sára kátálístì, tó ń fi ọ̀nà tí èéfín gbọ́dọ̀ gbà hàn: orí ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Èkejì ni ibi tí yóò jó nọ́ọ̀tì sénsọ̀ mọ́. Abẹ́ páìpù ló fẹ́ fi í sí nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń tètè débẹ̀, ṣùgbọ́n bí sénsọ̀ bá kọjú sílẹ̀, omi tó ń ṣẹ́ jọ sínú páìpù nígbà tí ọkọ̀ bá tutù yóò dà sí i lórí, yóò sì fọ́ amọ̀ inú rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná lójijì. Òkè ni ó gbọ́dọ̀ wà, kí ó dà bọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó yí páìpù náà lọ́wọ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó tún gbé e sábẹ́ ọkọ̀ láti wò ó bóyá wáyà yóò dé ibẹ̀, kí ó tó tan iná rẹ̀. Nítorí sùúrù tó ní yẹn ni mo ṣe fi nǹkan kún owó rẹ̀.

Báyìí, kí ni mo rí gbà? Mo ní ELM327, ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú tí a ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí yóò sì bá fóònù sọ̀rọ̀. Kí n tó ṣe iṣẹ́ yìí, sénsọ̀ ẹ̀yìn ń fò sókè sódò láàárín 0.1 sí 0.9 fóòltì iná, bí ti iwájú ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èéfín láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, tí ọkọ̀ bá ti gbóná, ti ẹ̀yìn máa ń dúró jẹ́ẹ́ ní nǹkan bí 0.7. P0420 kò padà wá mọ́. N kò sì yára gbàgbọ́ ní ọjọ́ tí mo pa kóòdù rẹ́, nítorí pé pípa kóòdù rẹ́ máa ń nu àwọn àyẹ̀wò inú bréènì bọ́ọ̀sì kúrò, a sì ní láti wa ọkọ̀ ní oríṣiríṣi ìrìn kí ó tó parí àyẹ̀wò tirẹ̀ lórí kátálístì. Àwọn kan máa ń pa iná náà rẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti mọ ọgbọ́n yẹn: ìlànà EPA ni pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọdún 2001 kò gbọ́dọ̀ ní ju àyẹ̀wò inú kan ṣoṣo lọ tí kò tíì parí.

Òórùn epo tútù tí ìyàwó mi máa ń ráhùn nípa rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dí ní Post Office ti lọ. Òórùn ẹyin ọ̀bu rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, láti ara sulphur inú epo wa, ṣùgbọ́n òun náà ti rọlẹ̀. Ní ti agbára, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: láti Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òró, níbi tí mo ti máa ń ya tírélà sílẹ̀, n kò rí ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí inú kátálístì ṣófo àti ìsinsìnyí. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń gé e mọ̀, nítorí eré tí wọ́n ní àwọn ń wá kò sí níbẹ̀. Epo tí ọkọ̀ ń jẹ kò yí padà lójú mi.

Sàlẹ́ńsà tuntun náà dùn létí. Mo ní kí wẹ́dà má yọ sàlẹ́ńsà kékeré tó wà láàárín, èyí tó ń pa ariwo tó mú, nítorí pé mọ́sálásí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, n kò sì fẹ́ máa fi ariwo ọkọ̀ da ìrun àṣùbáà rú. Síbẹ̀, ní nǹkan bí 2,500 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ohùn kan máa ń dún wùùù nínú ọkọ̀, ìrìn tí ó sì ń dún yẹn ni ìrìn tí mo máa ń rìn jù ní ọ̀nà Òmù-Àrán. Ẹni tí orí rẹ̀ kì í gba ariwo kò ní fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n tún fẹ́ kí n ra fílítà afẹ́fẹ́ tó rí ṣóńṣó, tí kò ní àpótí. Mo kọ̀ ọ́. Pẹ̀lú eruku ọyẹ́ tí a ń rí ní Kwara, àpótí Toyota ni mo fọkàn tán, àti pé ọ́ìlì tí wọ́n fi ń pa àwọn fílítà yẹn lára lè lẹ̀ mọ́ sénsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, ìwọ̀n epo á sì dàrú.

Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ìwé, ojú àti etí ni wọ́n fi yẹ èéfín tèmi wò. Òṣìṣẹ́ náà ní kí n tẹ̀ ẹ́, ó lọ dúró sẹ́yìn, ó wo ẹnu sàlẹ́ńsà, ó ní kí n tún tẹ̀ ẹ́ sí i, ó béèrè bóyá mo ti gé nǹkan kúrò lábẹ́ rẹ̀ nítorí pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rí kátálístì tuntun tó ń dán, ó sì kọjá sórí táyà, bíréèkì àti iná. Kò sí wàhálà.

Àléébù ọjà náà tó ṣì ń dùn mí ni pé kò ní ìbòrí. Ti Toyota ní páànù tó bò ó lókè nísàlẹ̀, tèmi wà ní ìhòòhò, ó sì máa ń gbóná gan-an. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, n kì í páàkì sórí koríko gbígbẹ, pàápàá lójú ọ̀nà oko. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wá pẹ̀lú rẹ̀ náà fúyẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ èéfín, ọkọ̀ ń dún tíkí-tíkí ní òwúrọ̀. Mo fi oníwáyà tó nípọn rọ́pò rẹ̀, ó dákẹ́. Wẹ́dà ti bá mi gé páànù alumíníọ̀mù fún ìbòrí, ó ní òun yóò fi bóòtù dè é kí ó má baà ṣòroó tú nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ sénsọ̀, ₦6,000 ló sì ní òun yóò gbà.