Ẹ̀yin oníkámẹ́rà Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta lẹ́ǹsì 24-70 ní ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ láti tà. ₦420,000 ni ọkùnrin kan gbà lọ́wọ́ mi. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, nítorí kì í ṣe àná ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Láti 2014 ni mo ti ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọ káàkiri Àkúrẹ́.

Kámẹ́rà Canon 6D ni mò ń lò. Lẹ́ǹsì 24-105 f/4 ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ (24 sí 105 ni bó ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ni tó; nọ́ńbà f ni ti ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, bó bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń fẹ̀ tó), tí a bá sì ti wọ gbọ̀ngàn tí iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, ìyọnu dé nìyẹn. Mo fẹ́ 24-70 tó jẹ́ f/2.8. Ti Canon fúnra rẹ̀, ẹ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kejì tó jáde ní 2012, ẹni tó ní tòkunbọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ní kí n mú ₦1,300,000 wá. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń jáde òde ní kí n ní sùúrù, kí n máa tọ́jú owó, pé ti Canon náà ni kí n rà. Mo ní rárá. Mo ní Tamron, ilé iṣẹ́ míràn tó ń ṣe lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà Canon mu, ti ṣe 24-70 f/2.8 tí kì í jẹ́ kí fọ́tò ṣe bàìbàì bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n láti 2012, ilé iṣẹ́ Sigma náà ṣe tiẹ̀ ní 2017, ti Canon tó wọ́n gógó yẹn kò sì ní ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ, mi ò tíì yí i padà títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́ǹsì tí kì í ṣe ti Canon ni mo rà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló jà mí lólè. Ènìyàn ni.

Mo ta 24-105 mi, mo fi owó àjọ tí mo fẹ́ fi san owó ilé kún un.

Alágbàká ní Àkúrẹ́ ni ọkùnrin tó tà á fún mi ní ká ti pàdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo kan, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó jẹ́ ọ̀sán, ó ní ibi iṣẹ́ lòun máa ń wà lọ́sàn-án. Mo gbà. Kí ló dé tí mo gbà? Ó jókòó sínú ọkọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, "ẹ̀gbọ́n mi" lọ́tùn-ún, "ẹ̀gbọ́n mi" lósì, ó ní òun máa ń rí fọ́tò mi. Ó yọ lẹ́ǹsì náà nínú àpò dúdú kékeré kan, ó ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú gíláàsì rẹ̀: kò sí ohun tó hù síbẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, kò sí ibi tó họ. Mo gbé e sórí kámẹ́rà. Kámẹ́rà tèmi o, kì í ṣe tiẹ̀! Ẹ má rò pé mi ò dán an wò. Fọ́tò mẹ́jọ ni mo yà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, f/2.8 ni mo sì fi ya mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sí 2.8, ibẹ̀ lẹ ti máa rí agbára rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe bùlọ́ọ̀ ẹ̀yìn." Mo wò ó, inú mi dùn. Mo ṣe tíránsífà, mo dúró títí àlẹ́ẹ̀tì fi wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi pé iṣẹ́ á máa wọlé. Ó gbàdúrà fún mi! Ó mọ ohun tó kó fún mi, ó sì gbàdúrà fún mi!

Òde méjì àkọ́kọ́, inú gbọ̀ngàn ni, f/2.8 ni mo lò títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí wàhálà kankan. Mo tún ń fi yangàn lójú ọ̀rẹ́ mi.

Ó wá di Sátidé kan ní Oǹdó. A jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn ọ̀sán gangan, ẹbí ìyàwó tò sí ìlà mẹ́ta, ènìyàn mẹ́rìnlá, àwọn àgbà lórí àga níwájú. Mo yí i sí f/8 kí ojú gbogbo wọn lè mọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. "Err 01" ló kọ sójú, pé òun àti lẹ́ǹsì kò gbọ́ ara wọn yé, kí n nu ibi tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo yọ lẹ́ǹsì, mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì mi nu àwọn irin pupa wẹ́wẹ́ tó wà nídìí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Err 01. Mo tún nù ún. Err 01. Ìyá ìyàwó ní, "Oní fọ́tò, kí ló dé? Oòrùn ń pa àwọn àgbà o." Òógùn ń kán sínú ojú mi. Nígbà tí mo dá a padà sí 2.8, ó yà. Mi ò ní lẹ́ǹsì míràn lọ́wọ́, mo ti tà á. Oòrùn yẹn lé ìyára kámẹ́rà lọ sí 1/3200 ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ fíláàṣì mi kò lè bá 6D lọ kọjá 1/180, kò sí bí mo ṣe lè tanná sábẹ́ gèlè àti fìlà. Ìlà iwájú mọ́ kedere. Ìlà ẹ̀yìn ṣe bàìbàì, nítorí 2.8 kì í mú iwájú àti ẹ̀yìn mọ́ pọ̀.

Ìkẹjà ni mo gbé e lọ kí wọ́n tó ṣí i lójú mi. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin pẹlẹbẹ kéékèèké ló yí ihò inú lẹ́ǹsì ká. Tí ẹ bá ń wo inú kámẹ́rà, ihò yẹn ṣí sílẹ̀ gbagada. Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni àwọn irin náà máa ń sún mọ́ra, tí wọ́n á sì tún ṣí padà. Ní f/2.8, wọn kò ní sún rárá. Torí náà, lẹ́ǹsì tí irin rẹ̀ ti kú á máa ṣe bí ẹni tára rẹ̀ le ní 2.8! Wáyà fẹ́lẹ́ kan bí rìbọ́ọ̀nù ló ń gbé iná lọ síbẹ̀, ó ń ká, ó ń nà nígbàkigbà tí ẹ bá fa súùmù. Tèmi ti sán. Ẹnì kan ti lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ, ó ti pọ́n. Orí súkúrúù méjì nídìí rẹ̀ sì ti họ, irin funfun ń dán lábẹ́ dúdú. Mo rí ìyẹn ní Alágbàká. Mo rí i, mi ò bi í.

Nígbà tí mo pe ọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí lẹ́ǹsì tí kì í ṣe ti Canon ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ lọ fi àpúdéètì sí i." Irọ́ tí wọ́n fi òótọ́ díẹ̀ lú pọ̀! Lóòótọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ yìí ń fojú ara wọn wá bí wọ́n á ṣe bá kámẹ́rà Canon sọ̀rọ̀, Sigma ní ẹ̀rọ kékeré kan, USB Dock, Tamron ní TAP-in tí wọ́n fi ń ṣe àpúdéètì fún àwọn lẹ́ǹsì wọn kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ẹni tó ní in. Kí n tó pè é padà, ó ti dí nọ́ńbà mi pa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí lẹ́ǹsì míràn tí wọ́n fi síta, orúkọ ti yí, àpò dúdú yẹn náà ló wà nínú fọ́tò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ǹ bá ti ra ti Canon, ẹ dákẹ́ ná. Ti Canon náà ní irin yẹn, ó ní wáyà yẹn. Ká ní ti Canon tí wọ́n lẹ ní sẹ́lótéèpù ni mo rà, ₦1,300,000 ni ì bá lọ. Ní tèmi, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta tòkunbọ̀ gbọ́ mọ́, ìbáà ṣe ọmọ ìyá mi.

Ọ̀sán ni kí ẹ lọ. Ẹ fi sí f/8, ẹ fi sí f/16, ẹ yà á ní 24, ní 35, ní 50, ní 70. Ọ̀pọ̀ Canon ní bọ́tìnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní f/16, kí ẹ wo ojú lẹ́ǹsì láti iwájú, ihò náà gbọ́dọ̀ kéré lójú yín. Ẹ wo súkúrúù. Tí ẹ bá rí DC lára Sigma tàbí Di II lára Tamron, kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀) kéré ni wọ́n ṣe é fún. Á wọ 6D, àmọ́ igun fọ́tò á dúdú.

Ìyá ìyàwó tún pè mí láàárọ̀ yìí. Fọ́tò ẹbí yẹn ló fẹ́ kí n ṣe ní ńlá, kí n fi sí férémù fún pálọ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó wá láti Kánádà, ìlà ẹ̀yìn ló dúró sí.