Àgbéyẹ̀wò ìdẹ lipless crankbait gíráàmù 14: ọ̀nà tí a gbà ń fà á ló ń pa bass

Ìdẹ yìí, tí kò ní ètè (pẹpẹ kékeré tó máa ń yọ síwájú àwọn ìdẹ mìíràn), dára gan-an fún ẹni tó bá ń dẹ largemouth bass, ìyẹn ẹja odò ẹlẹ́nu ńlá, nínú omi tí koríko hù lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kàn ń wé okùn lọ láìdáwọ́dúró, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rí.

Ike ni ara rẹ̀, ó pẹlẹbẹ bí ẹja kékeré, òjé wà níbi orí, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké sì ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni okùn ti ń so mọ́ ọn, kì í ṣe imú. Ìyẹn ló fi ń gbọ̀n jìgìjìgì tí a bá ń fà á. Kì í léfòó. Bí ẹ bá ti dẹwọ́, ó ń rì nìyẹn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ jù ú síbi tí koríko kò sí, kí ẹ máa kà títí okùn yóò fi dẹ̀. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 6 ló fi dé ìsàlẹ̀, tí koríko sì ga dé ìdá kan nínú mẹ́ta omi láti ìsàlẹ̀, kíka 4 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Inú koríko gan-an ló ti ń gba owó rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kó rì títí ìwọ̀ yóò fi kan orí koríko. Ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n: gbígbọ̀n rẹ̀ á dá lójijì, ọ̀pá á sì wúwo díẹ̀. Ẹ má rọra fà á, torí ńṣe ni koríko á wé mọ́ ọn. Ọrùn ọwọ́ ni kí ẹ fi já a gbà lẹ́ẹ̀kan, kíákíá, kí ọ̀pá má rìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì lọ, kí ẹ sì dẹ okùn lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe bọ́ tó ń rì yẹn ni bass máa ń gbé e. Bí kò bá gbọ̀n mọ́ lẹ́yìn tí ẹ já a, koríko ṣì wà lára ìwọ̀. Ẹ wé e wálé kí ẹ yọ ọ́. Ìparí ìgbà òtútù ni ọ̀nà yìí mú jù, tí omi bá wà ní nǹkan bíi dígírì 8 sí 14 Celsius.

Níbi tí ìsàlẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé ọ̀pá láti ipò aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, kí ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ìdẹ ṣe ń rì. Okùn tó bá le jù á mú kí ìdẹ fì bọ̀ lọ́dọ̀ yín láìgbọ̀n; èyí tó bá dẹ̀ jù kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹja ti gbé e. Okùn ni kí ẹ máa wò. Tó bá ta, tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tó dẹ̀ kí kíka yín tó pé, ẹ fà á.

Okùn fluorocarbon tó lè gba ìwúwo pọ́n-ùn 15 ni mo fọwọ́ sí. Okùn nylon máa ń nà jù láti fi já koríko.

Àléébù rẹ̀ wà níbi ìwọ̀. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó bá a wá kò mú tó: ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan èékánná, tó bá ń yọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí oníwọ̀n kan náà, kí gbígbọ̀n rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Bass sì tún máa ń fi ìwúwo ìdẹ náà tú ara rẹ̀ sílẹ̀, torí tó bá fò sókè tó gbọn orí, òjé inú rẹ̀ á fì, ìwọ̀ á sì yọ. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 tó ń tẹ̀ dé àárín ló yẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tó gan. Ẹ rẹ orí ọ̀pá sílẹ̀ dé ojú omi, kí ẹ má sì jẹ́ kí okùn dẹ̀.

Ẹ má gbé e sún mọ́ ẹ̀ka igi tó rì sómi. Kò ní ètè tí yóò ta igi nù, ìwọ̀ ló máa kọ́kọ́ kàn án, ibẹ̀ náà ló sì máa há sí. Ìdẹ ẹlẹ́tè ni kí ẹ lò níbẹ̀.