Tacoma tòkunbọ̀ tàbí Hilux tí wọ́n ti lò nílé?

Ẹni tó fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ti rìn gan-an ní Nàìjíríà, méjì yìí ló sábà máa ń kò ó lójú.

Bó bá jẹ́ Tacoma, abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì Amẹ́ríkà nígbà òtútù, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ ṣáásì, ìyẹn irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró. Ó le débi pé lọ́dún 2016, Toyota gbà láti pààrọ̀ ṣáásì tó ti dípẹtà lára àwọn Tacoma 2005 sí 2010 níbẹ̀. Ẹ fi òòlù kékeré kan irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí sípíríìngì ẹ̀yìn so mọ́. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ máa ń fu mí lára, torí ó lè bo ìpẹtà mọ́lẹ̀. Máìlì sì ni mítà rẹ̀ ń kà: 200,000 máìlì ju 320,000 kìlómítà lọ.

Ní ti Hilux, àpọ̀jù ẹrù ló ń bà á jẹ́. Ẹ wò ó bóyá sípíríìngì ti tẹ́, bóyá wọ́n ti jó ṣáásì pọ̀. Ẹ ṣíná sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: bí èéfín bá ní àwọ̀ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn, bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ̀ ọ́.

Hilux lèmi máa rà, torí páàtì rẹ̀ wà káàkiri. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Tacoma 2.7 (ẹ́ńjìnnì lítà 2.7) tí ṣáásì rẹ̀ le, ẹ má bẹ̀rù: láti 2005, irú ẹ́ńjìnnì kan náà, 2TR, ló wà nínú rẹ̀ àti nínú Hilux 2.7 oní-bẹntiróòlù.